Olórí wa máa ń fi nǹkan sílẹ̀ nílé bí a bá ń lọ ìdẹ̀gbẹ́: ta ló máa yẹ àpò àgbà wò?

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ẹ̀yin Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ̀yin ará Kàbbà, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni mo gbé wá. Ẹni tí kò bá sùn nínú igbó rí, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ ná, kó tó máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Àbúrò bàbá mi ni olórí wa. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí wọ́n sì ti ń sun pápá, a máa ń gba ìhà Èjìbà lọ. A ó kọjá ibi tí ìjọba sé odò Kampe sí, a ó fi ọ̀kadà sílẹ̀ ní àbà kan tí a mọ ẹni tó ni ín, a ó wá fẹsẹ̀ rìn wọ ọ̀dàn. Alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta la máa ń sùn síbẹ̀ ká tó máa bọ̀ wálé.

Ẹ má rò pé ọdẹ yẹpẹrẹ ni bàbá yìí o. Òun ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi ìka yẹ ipa ẹsẹ̀ ẹran wò, láti mọ èyí tó kọjá lánàá yàtọ̀ sí èyí tó kọjá láàárọ̀. Bó bá tan iná lẹ́ẹ̀kan nínú òkùnkùn, tí ojú kan dán lọ́hùn-ún, ó ti mọ̀ bóyá ojú ẹtu ni, bóyá ológbò igbó ni, bóyá màlúù ẹlòmíràn ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju méjì ìṣáájú lọ, torí màlúù tí wọ́n bá yìnbọn fún lóru, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa níbí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan á ṣáà ṣẹ́kù sílé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ló mú mi kọ̀wé. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ wá, ó ti nù ún mọ́ tónítóní, ó tiẹ̀ ti pààrọ̀ rọ́bà tó ń dè é mọ́rí. Ilẹ̀ ṣú, ó dè é, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó gbá a lẹ́nu ọwọ́, kò tàn. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ṣófo. Bátìrì wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣáájì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, lórí sólà, ó ti kún fọ́fọ́, ó ń dúró de ẹni tó ni ín. Owó ṣáájì gan-an, bàbá ti san án sílẹ̀.

A wo ara wa. Iná fóònù mi ló kù, àti tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà fi ń wá ibi tí yóò gbọnsẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi iná fóònù dẹ ẹtu?

Ṣáájú ìyẹn, iyọ̀ ni. Ṣáájú iyọ̀, bàtà ròbà ni: sálúbàtà tó fi jẹun àárọ̀ nílé náà ló fi rìn dé àgọ́. Ìgbà kan sì wà tó jẹ́ ìwé àṣẹ ìbọn ló fi sílẹ̀, a ti rí àwọn agbófinró níwájú kó tó rántí. Èyí tí wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n gbé e mì.

Kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa gbé ni mò ń béèrè, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ta ló máa yẹ àpò rẹ̀ wò? Ẹ mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan àpò ọdẹ. Bàbá tó bí mi kì í fọwọ́ kan ti àbúrò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kì í gbálẹ̀ lábẹ́ ibi tó so ó kọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ alàgbà ni ní ìjọ, mo sì lè búra pé kò sí ohun tó wà nínú àpò yẹn ju ọ̀bẹ, okùn, orógbó àti ìgò òróró àdúrà lọ. Ṣùgbọ́n àpò ọdẹ ni àpò ọdẹ.

Mo ti gbìyànjú láti bi í léèrè. Mo ní, "Bàbá, ṣé iná ti wà?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ máa mú mi lọ ìgbẹ́ ni?" Mo panu mọ́. Àwọn yòókù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo ti rò ó pé kí èmi máa gbé ohun gbogbo ní méjì méjì. Ta ló máa rù ú? Èmi náà ni. Tíṣà ni mí, ẹ̀yìn mi kò mọ ẹrù. Ẹ bá mi dá sí i.

Àtàrí

Ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ pé jọ, ẹ sọ fún un ní gbangba pé bó bá tún gbàgbé nǹkan, ẹ̀yin kò ní tẹ̀ lé e mọ́. Àgbà tó bá fi gbogbo èèyàn sínú òkùnkùn, ṣé ó ṣì ń wá ọ̀wọ̀ ni? Àti pé kí lẹ wá ṣe lóru ọjọ́ náà? Ìwọ kò parí ìtàn.

Ọmọ Ìsánlú

Àtàrí, ó hàn pé o kò tíì fẹ́yàwó nílé wa. Ẹni tí mo máa sọ fún ní gbangba pé n kò ní tẹ̀ lé e mọ́, òun náà ló máa jókòó síwájú ọjọ́ tí a bá lọ tọrọ ìyàwó fún mi.

Ohun tí a ṣe lóru náà ni pé a sùn. A dá iná, a yan iṣu díẹ̀ tí a gbé lọ, kálukú na ara rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, a tẹ̀ lé etí odò, níbi tí eèsún kò tíì jó, a rí ọ̀yà méjì pa. Ọ̀yà kò burú. Ṣùgbọ́n gbogbo òru yẹn la fi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹran tó ń wá mumi, tí a kò sì lè dìde.

Bàbá Ọdẹ Bùnú

Ọmọ Ìsánlú, mo kí ọ, o kú ìfaradà. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, torí náà bí ẹ bá rí àṣìkọ, òun ni kí ẹ bú.

Àkọ́kọ́, o ṣeun tí o panu mọ́. Èkejì, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi iná fóònù yìnbọn. Iná tí kò bá dé ara ohun tí o rí, ojú nìkan ló fi hàn ọ́. Mo mọ ilé tí wọ́n ti sin èèyàn nítorí iná tí kò tó. Ẹ kò pàdánù ohunkóhun nígbà tí ẹ sùn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àpò. Má yẹ àpò rẹ̀ wò. Má sì bi í léèrè mọ́, torí ìbéèrè ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà oko máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń sọ pé àgbà ti ń ṣarán. Bí àwa ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin Yàgbà ń ṣe é. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ lọ, gbogbo wa á lóṣòó sí iwájú ilé olórí. Ẹni tó kéré jù ló máa bẹ̀rẹ̀. Yóò mú ohun tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì pè é lórúkọ: "Ìṣáná rèé. Iyọ̀ rèé. Okùn rèé." Bó bá jẹ́ iná ni, yóò tàn án, yóò pa á. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà á gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Báyìí báyìí títí yóò fi kan olórí. Kò sí ẹni tó máa bi olórí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti tan iná wọn lójú rẹ̀, òun náà á ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Àpò rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Bí kò bá ti sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ rí láàárín yín, ìwọ tí o kéré jù ni kí o bẹ̀rẹ̀. Kó o kàn lóṣòó, kó o máa to ẹrù rẹ sílẹ̀, kó o máa pè é sókè bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ tíṣà ló ń dà ọ́ láàmú. Jẹ́ kí wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi sọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Iná jẹ́ ọ̀kan, ìṣáná jẹ́ ọ̀kan. Ìṣáná á wà lápò ẹnìkan, láítà á wà lápò ẹlòmíràn, méjèèjì á wà nínú ọ̀rá. Iyọ̀ ni ẹ lè gbàgbé, ẹnu nìkan ló máa jìyà rẹ̀. Ẹran tí ẹ bá yan dáadáa lórí àtẹ, èéfín àti iná ló ń gbé e délé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé iná ti gbàgbé àtẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n rántí ìgbà tiwa díẹ̀. Nígbà tí ìlú yìí ṣì jẹ́ ara Kwara, kí wọ́n tó yọ Kogi jáde ní 1991, kábáàdì ni ọdẹ òru ń lò. Òkúta kan ni, àwọ̀ eérú. A ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ fìtílà, omi á wà lókè rẹ̀, omi á máa kán sí i lára díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá ń jáde níbẹ̀ ló ń jó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á funfun gbòò. Bí o bá gbàgbé kábáàdì sílé, o gbàgbé ọdẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbàgbé omi, omi kì í tán nínú ara ọkùnrin. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. N kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí ó ti di baálẹ̀. Iná náà tàn dáadáa, àmọ́ fìtílà náà, kò sí ẹni tó tún fẹ́ dè é mọ́rí láàárín wa. Bátìrì tiyín yìí kò gba irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ: ta ló ń bá bàbá yín gbé ẹrù tẹ́lẹ̀, kí ìwọ tó dé?

Ìyàwó Ọdẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ka ohun tí Bàbá kọ, ó dára, mo sì dọ̀bálẹ̀... rárá, mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ tirẹ̀.

Àpò ọdẹ ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Ta ló ní wọn kì í fọwọ́ kan bàtà? Ta ló ní wọn kì í fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ mi, n kò kan àpò yẹn rí, n kò sì fẹ́ kàn án. Ohun tí mò ń ṣe ni pé, bó bá ti gbé bátìrì lọ fún ṣáájì, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà á wọ inú ike tí tọ́ọ̀ṣì wà. Mo máa fi ideri dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, yóò máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri, yóò pariwo, èmi á ní kó wo inú ike. Bó bá ti ṣí i, tọ́ọ̀ṣì tí kò ní nǹkan nínú ló máa kọ́kọ́ kí i. Yóò kàn dákẹ́, yóò gba ọ̀nà ọjà lọ. Bàtà ròbà, orí ìjókòó ọ̀kadà ni mò ń gbé e sí lóru. Kò lè jókòó láìgbé e kúrò, bó bá sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Yóò wọ̀ ọ́. Iyọ̀ àti ata gígún, mo máa dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo máa rì wọ́n sáàárín gàrí. Ebi ló máa bá mi rán an létí.

Ìwé àṣẹ ìbọn, mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé fọ́tò, ojúlówó ni wọ́n máa ń béèrè. Tiwa wà nínú ọ̀rá, a fi okùn so ó mọ́ gbérí rẹ̀ nínú, lápá òsì. Kò sí ọjọ́ tó máa wọ ìgbẹ́ láìwọ gbérí.

Ọkọ mi rò pé òun kì í gbàgbé nǹkan. Ó ti sọ ọ́ níbi ìpàdé wọn pé orí òun pé. Mo wà níbẹ̀, mò ń pín omi.

Ọmọ Ìsánlú, ìyàwó bàbá yín ni kó o lọ bá, má lọ bá bàbá. Lọ ní ìrọ̀lẹ́, mú nǹkan dání fún wọn, kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ míì. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ nínú ẹran rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìyàwó ọdẹ bá ro ìyà tó fi ń di ẹrù, kò ní se ẹran náà.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo yín ń sọ ti iná. Èmi ka ibi tí ẹ ti ní bàbá fi sálúbàtà rìn dé àgọ́, mo gbé tíì tí mò ń mu sílẹ̀.

Ejò kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, kò tóbi, àwọ̀ rẹ̀ jọ iyanrìn àti ewé gbígbẹ. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, yóò ká ara rẹ̀ kò, yóò máa fi ìpẹ́ gbo ìpẹ́, ẹ ó gbọ́ ìró kan bí ohun tó ń dín nínú òróró. Láàárín àwọn ejò ilẹ̀ Nàìjíríà, ó wà lára àwọn tó ń pa èèyàn jù. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń bù jẹ, torí ilẹ̀ ló wà. Bàtà ròbà tó dé abẹ́ orúnkún kì í ṣe oge. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sára àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì, kì í sì í ṣe àwọn tó ń gbé ní Àbújá ni ejò ń bù jẹ lẹ́sẹ̀, àgbẹ̀ àti ọdẹ ni.

Oró ejò yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ibi ìbùjẹ àti erìgì fi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá. Ní ilé ìwòsàn, a máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín tó mọ́, a ó fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìmì ín. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣì ń ṣàn nígbà tí a dà á, a mọ̀ pé oró ti wọ̀ ọ́. Oògùn tó ń pa oró náà nìkan ló wúlò fún un, kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó lọ ìgbẹ́, ẹ mọ ibi tó wà, kí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín. Fóònù tí ẹ bá fi dẹ ẹtu, tí iná rẹ̀ sì kú, kò lè pe ẹnikẹ́ni, Ọmọ Ìsánlú.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó le bí ẹni di igi. Ẹsẹ̀ tí wọ́n so pa ni mo ti rí tí wọ́n gé ju èyí tí oró fúnra rẹ̀ bà jẹ́ lọ. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ohun tó fún un lẹ́sẹ̀, ẹ fi igi méjì gbá ẹsẹ̀ náà mọ́ra kó má mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn, kí ẹ sì máa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń mu ti odò. Sòbìyà ti kúrò nílẹ̀ wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2013, ṣùgbọ́n sòbìyà nìkan kọ́ ló wà nínú omi. Ìkòkò kékeré kan tí ẹ ó fi sè é kò wúwo.

Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ sí ti Bàbá Ọdẹ Bùnú. Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá? Ìgbàgbé yìí, ṣé ó pẹ́ ni àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń ṣi orúkọ yín pè? Ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé ó sì máa ń gbé e dání lọ sí àgọ́? Ẹni tó gbàgbé iyọ̀, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Akin Ìjùmú

Mo gbádùn gbogbo ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó dáhùn èyí: bí ẹ bá ti rìn dé agbede méjì kí ẹ tó rántí, ṣé ẹ máa padà ni? Àwọn àgbà wa ní Ìyàrà ní ọdẹ kì í wẹ̀yìn. Ẹni tó bá padà mú nǹkan, kó jókòó sílé lọ́jọ́ náà, torí ìgbẹ́ ti kọ̀ ọ́. Èmi gbà á gbọ́. Mo mọ ẹni tó padà lọ mú àdá, tó sì padà wá bá ìjàǹbá.

Bàbá Ọdẹ Bùnú

Akin, n kò bá àwọn bàbá rẹ jà. Àwa náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń sọ ọ́ fún? Ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà ni, tó máa ń fẹ́ padà lọ mú ife, padà lọ mú fìlà. Èmi ti padà nítorí omi rí, èmi ti padà nítorí iná. Mo jókòó sábẹ́ igi díẹ̀ kí n tó tún gbéra, kí n lè sọ pé ìrìn tuntun ni mo bẹ̀rẹ̀. Ògún kò bínú.

Láyé òde òní pàápàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa padà. Igbó wa kì í ṣe igbó tẹ́lẹ̀. Àwọn ajínigbé ti mú kí gbogbo èèyàn máa fura. Ẹ sọ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú pé apá ibi báyìí lẹ wà, ọjọ́ báyìí lẹ ń bọ̀. Ẹni tó ń rá pálá bọ̀ láti inú igbó lóru láìní iná, pẹ̀lú ìbọn léjìká, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé ó lọ, ta ni ẹ fẹ́ kí wọ́n pè é?

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Nọ́ọ̀sì wa, bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀. Kò gbàgbé ọ̀nà rí. Ìgbà tí kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ tí èmi kò rí ọwọ́ ara mi, òun ló mú wa jáde. Kì í ṣi orúkọ pè, àyàfi bó bá ń bínú, ìgbà yẹn gbogbo wa ni "ìwọ yìí". Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wọn lánàá, wọ́n ní ó ń lò ó, nínú ìgò òróró kejì nínú àpò ló sì wà. Ẹ wá rí i pé kò gbàgbé ìyẹn.

Bàbá Bùnú, ìbéèrè yín ló tú gbogbo rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé ẹrù tẹ́lẹ̀, láti kékeré, kó tó ríṣẹ́ lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ ń bá bàbá lọ, kí ni bàbá máa ń gbé?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbọn, àdá, àti àpò. Tán. Bátìrì, òun ló ń gbà á wá. Iyọ̀, òun. Bàtà, òun ló ń gbé e síwájú ilé. Ó ní bàbá kò fọwọ́ ara rẹ̀ di iyọ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́njú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni bàbá bàbá wa, òun náà ní ọmọ tó ń gbé tirẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn nǹkan tó ń ṣẹ́kù sílé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹrù àgbà látilẹ̀wá. Àpò tí mo ń bẹ̀rù, kò sí ohun kan tó sọnù nínú rẹ̀ rí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nínú ike, ìyàwó wọn ti gbà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ìlóṣòó níwájú ilé, èmi ni mo máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàtà ròbà ni wàhálà tó kù. Èyí tó wà nílé ti ya nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá sì gùn, ó ń wọ nọ́ńbà márùndínláàádọ́ta. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìsánlú kò ju méjìlélógójì lọ. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ńlá rà ní Kàbbà tàbí Mọ̀pà kó tó di ọjọ́ Sátidé?

Ìyàwó Ọdẹ

Kàbbà ni kó o lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ oko ni kó o ti wá a, má lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàtà. Bàtà àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń tà, ó máa ń tóbi. Fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàbá nígbà tó bá sùn, kó o mú okùn náà dání, torí nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára wọn kì í bára mu. Kó o sì ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn mọ́ ọn.

Àtàrí

Ta ló máa wọlé lọ fi okùn wọn ẹsẹ̀ ọdẹ tó ń sùn?

Ìyàwó Ọdẹ

Ìyàwó rẹ̀ ni.